Sóyà Kì Í Dúró De Ọjọ́ Àáró

Ọyẹ́ tètè dé lọ́dún náà, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gun alùpùpù mi gba ọ̀nà Kuta, mo dúró létí oko Ìyá Sàráátù, mo sì gbọ́ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí láti ọjọ́ yìí: pá, pá, pá. Èèpo sóyà ló ń là fúnra rẹ̀, tó ń da ọmọ inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1980 nìyẹn. Iṣẹ́ tí ìjọba gbà mí sí ni kí n máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìwó, Kuta àti Olúpọ̀nnà bí wọ́n ṣe lè gbin àgbàdo àti sóyà kí èrè sì wà níbẹ̀. Èmi náà kì í lè dúró lójú kan. Kí wọ́n tó kí mi káàbọ̀ tán, mo ti bọ́ sáàárín ebè, mo ti ń wú gbòǹgbò wò. Àwọn ọkùnrin a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Àǹtí Sóyà tún ti dé, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé àga síta.

Ohun tí mo ń tẹ̀ mọ́ wọn létí ni pé àgbàdo ní sùúrù, sóyà ò ní. Àgbàdo tó bá gbẹ lórí ìdúró, èèpo rẹ̀ bò ó, ó lè dúró kí àgbẹ̀ lọ gbọ́ ti ibòmíràn ná. Ṣùgbọ́n bí ewé sóyà bá ti rẹ̀ dànù tán, tí o mì ín tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, gígé ló kù. Bí o bá fi falẹ̀, oòrùn á là á, ẹyẹ àti èkúté á bá ọ kórè rẹ̀.

Ìyá Sàráátù mọ èyí dáadáa. Àáró ló dè é lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àáró wọn a máa ti oko ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, ẹni tí ó bá kàn ló ni gbogbo ọwọ́ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í sì í fo ẹnìkejì. Bí wọ́n ti ń tò ó fún àgbàdo látayébáyé ni wọ́n ṣe tò ó: àgbà ṣíwájú, ẹni tó wọlé kẹ́yìn gbẹ̀yìn. Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sípò ọkọ rẹ̀ tó kú ni, òun ló sì gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó wá kàn ni Bàbá Bùráímọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí oko àgbàdo rẹ̀ fẹ̀ lọ súà.

Bàbá yìí náà ni olórí ẹbí. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé bí ẹ̀wà àjèjì yìí ò bá mú nǹkan gidi jáde, òun á gba ilẹ̀ àbúrò òun padà, òun á fi gbin ẹ̀gẹ́. Ilẹ̀ náà ni Ìyá Sàráátù fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo sì ní kó gbin sóyà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti di tèmi?

Àwa méjèèjì mú àdá, a gé e títí ẹ̀yìn fi ń ro wá, síbẹ̀ ibi tá a gé ò yọ lára oko. Ó jókòó sórí ebè, ó bú sẹ́kún.

“Wọ́n máa lé mi kúrò níbí, Àǹtí. Ibo ni mo fẹ́ kó àwọn ọmọ yìí lọ?”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọrí sí oko Bàbá Bùráímọ̀, mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ̀ǹda ọjọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò ní gbà. Ohun tí mo bá níbẹ̀ bí mi nínú. Gbogbo ẹgbẹ́ àáró jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń mu ẹ̀kọ, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ń dúró dè.

“Kí ìrì gbẹ ni,” Bàbá dáhùn. “Àbí o fẹ́ kí n kó àgbàdo tútù sínú àká kó bu mọ́ mi lọ́wọ́?”

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ara mi ta gìrì. Ìrì tó ń ba àgbàdo jẹ́, òun gan-an ló ń mú èèpo sóyà rọ̀ tí kì í fi í là lọ́wọ́ ẹni tó ń gé e.

“Bàbá, mi ò ní kẹ́ ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ yín,” ni mo wí. “Tiyín lọjọ́. Àsìkò ìrì yìí nìkan ni mò ń tọrọ fún Ìyá Sàráátù. Bí oòrùn bá ti yọ, wọ́n á padà sídìí àgbàdo yín.”

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí ilẹ̀ náà máa bọ́ sí lọ́wọ́ bí sóyà bá dà nù. Ó yẹ kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbélé.

“Bó bá dà nù, Bàbá, gbogbo wa tó wà níbí la máa mọ̀ pé a jókòó nígbà tó ń dà.”

Àwọn kan wo ilẹ̀. Bàbá tẹjú mọ́ mi, mo ti ń rò ó pé mo ti ba tobìnrin náà jẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí àdá rẹ̀.

“Ọjọ́ ni tàáró,” ó ní. “Kò sẹ́ni tó ni ìrì. Ẹ dìde.”

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun Àsúbàá tán, oko sóyà ni wọ́n ń lọ. Bí ìrì bá gbẹ, wọ́n á bọ́ sínú àgbàdo. Mò ń sáré káàkiri láàárín wọn, mò ń pariwo pé kí wọ́n gé e nídìí, kí wọ́n má fà á tu, torí pé kókó wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò rẹ̀ ni ajílẹ̀ tí àgbàdo ọdún tó ń bọ̀ máa jẹ. Bàbá ní ṣé gbòǹgbò náà ni mo fẹ́ fi sebẹ̀ ni. Sóyà náà wọlé. Àwọn oníirú Ìwó rà nínú rẹ̀ láti fi ṣe irú, wọ́n sì tún padà wá.

Nígbà tí òjò dé, àgbàdo tí Ìyá Sàráátù gbìn síbẹ̀ dúdú minimini, ti Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò tó o. A wà lóko lọ́jọ́ kan tí Bàbá gbé igi pérègún dé. Pérègún la fi ń pa ààlà ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín ti gbà pé ibi tí tòun mọ nìyẹn. Ó gbẹ́ ilẹ̀ sáàárín oko méjèèjì, ó gbìn ín, ó fẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ìyá Sàráátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Ìyàwó, dìde,” Bàbá wí. “Pe àwọn ọmọ rẹ wá, kí wọ́n wá wo ibi tí tiwọn dé.”