Olè Tó Pe Bàbá Kékeré Lórúkọ

Kò sí fóònù tó le jù mí lọ ní Bẹẹrẹ. Mi ò parí ṣẹ́kọ́ńdírì, ó sú mi ni, ṣùgbọ́n àwọn tó parí ẹ̀ ló ń tò sídìí ṣọ́ọ̀bù mi. Àfi ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n háàkì Wasáàpù màámi.

Ẹnì kan ló pè é, ó ní òun fẹ́ fi í sínú gúrúùpù àdúrà mọ́ṣáláṣí, kó ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fóun. Màámi kà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kíá, olè ti gbà á, ó ti ń forúkọ màámi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ẹ̀ l'Ọ́jà'ba.

"Ṣé wọn ò ní máa pè mí lálágbe báyìí?" Ó fi ìborùn bojú.

"Màámi, ẹ fi lé mi lọ́wọ́! Ẹ ò mọ ẹni tẹ́ ẹ bí ni?"

Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀. Fóònù ní kí n dúró ná. Dúró kẹ̀? Èmi? Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

Ibẹ̀ la wà nínú agboolé tí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, fi ti ọ̀nà Màpó wọlé, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ìyàwó wa, o ní kí n fowó ránṣẹ́!"

"Èmi kọ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fi ránṣẹ́?"

"Sí ta ni? Orúkọ mi ló pè, orúkọ mi gangan! Mo ní kí lo máa ń pè mí nílé. Ó ní, 'Sà.'"

Ni gbogbo agboolé bá bú sẹ́rìn-ín. Látìgbà tí màámi ti wọlé ọkọ, kò porúkọ ẹnikẹ́ni tó bá níbẹ̀ rí, àtọmọdé àtàgbà. Ó gbé àṣà náà dé ọjà pàápàá. Eyínfúnjowó ló ń pe Bàbá Kékeré, bí eyín iwájú ẹ̀ tiẹ̀ ti yọ tán. Orúkọ ojú Wasáàpù lásán lolè rí.

Màámi nujú, ó mú fóònù, ó ń pe àwọn oníbàárà ẹ̀: "Ìbàdí-àrán, ẹ má dá a lóhùn o! Ṣé mo máa ń porúkọ yín ni?"

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó gba Wasáàpù náà padà. Mo tì í pa, mo fọ́nnu dé Ògùnpa. Síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀. Ohun tó mú olè yẹn, èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn màámi láàárín agboolé: "Eyínfúnjowó, ẹ káàárọ̀ o!"

Mo sáré jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Màámi, ẹ rọra pè é, kólè má gbọ́!"