Oríkèé Kan Tí Ó Ń Jẹ́ Ùsẹ́

Ìró ìdérí ìkòkò ni Monínúọlá kọ́kọ́ rántí láyé rẹ̀. Nínú ilé ìdáná Yèyé àgbà ní Ìgbẹ́mọ, ìdérí náà á ró gbàgà, gbogbo ọmọdé inú àgbàlá á sì dákẹ́. Ta ló mú ẹja? Èmi kọ́. Èmi náà kọ́. Nígbà náà ni ohùn Yèyé á jáde láti inú èéfín, ẹ̀rín á sì wà lábẹ́ rẹ̀: "Ùsẹ́! Ùsẹ́ nìkan lẹ mọ̀!"

Ìgbà tó dé ilé-ìwé ni wọ́n sọ fún un pé ìsẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ùsẹ́. Wọ́n fi bó ṣe ń pe ilé ní ulé ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n fi bó ṣe ń pe iṣu ní uṣu ṣe yẹ̀yẹ́, títí ó fi yọ "u" náà kúrò lẹ́nu bí ẹni yọ ẹ̀gún. Nígbà tó fi di olùkọ́ èdè Yorùbá ní Adó, tó gba yàrá kan sí Òkè-Ìlá, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè mọ ibi tí wọ́n bí i sí.

Lọ́dún 1978, ó ń fi àsìkò ìsinmi kàwé kún ìwé rẹ̀ ní yunifásítì. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tó gba odindi yàrá. Ètò kan wà nínú rẹ̀: bí o bá kọ òfin gírámà èdè kan fún un, òun fúnra rẹ̀ á fi òfin náà ṣe ètò mìíràn tí yóò máa ka gbólóhùn èdè yẹn. Á tú gbólóhùn sílẹ̀ bí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, tí àwọn ọ̀rọ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ bí èso. Ibi tí ẹ̀ka bá ti yà, oríkèé ni. Oríkèé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ, ẹni tó kọ òfin ló sì ń sọ ọ́. Èyí tí kò bá lórúkọ, ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ó wà. Ọjọ́ tí Monínúọlá gbọ́ èyí, ó jókòó sórí àga. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ayé tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè lórúkọ lé e lọ́wọ́.

Èdè òyìnbó ni gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé fi ń sọ oríkèé tiwọn lórúkọ. Ó ní Yorùbá ni tòun yóò máa jẹ́. Oríkèé tó gba ọ̀rọ̀ ìṣe, ó sọ ọ́ ní ÌṢE. Èyí tó gba ọ̀rọ̀ bíi "kìí", tí a fi ń sẹ́ nǹkan, ó sọ ọ́ ní ÌSẸ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn kò bá a jiyàn. Ó kàn ní bí òfin náà kò bá ṣiṣẹ́ kí sáà tuntun tó wọlé, òun yóò pa àwọn orúkọ wọ̀nyẹn rẹ́, òun yóò fi ti òyìnbó rọ́pò wọn.

Ọláyíwọlá, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà, ní àfẹ́sọ́nà ní Adó. Nígbà tí Monínúọlá padà sí Adó, Ọláyíwọlá yìí ló máa ń gbé ìwé tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde wá fún un. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀rín ló bá wọlé.

"Tíṣà, ẹ̀rọ ti di ọmọ Èkìtì o! Mo kọ 'Adé kìí sùn' fún un, ó ní ó dára. Mo kọ 'Adé sùn kìí', ó tún ní ó dára! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ ọ́ ní Ìgbẹ́mọ?"

"Ìwọ lo máa sùn kìí. Gbé e wá."

Ó tẹ́ ìwé náà sórí ibùsùn. Lẹ́tà ńlá nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Kò mọ àmì ohùn, kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Orúkọ méjèèjì ti di ọ̀kan: ISE àti ISE. Lójú ẹ̀rọ, ohun kan náà ni kéèyàn ṣe nǹkan àti kéèyàn sẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú nínú "kìí" àti "sùn".

"Ẹ pè é ní ISE kìíní àti ISE kejì, kó tán," ni Ọláyíwọlá wí.

"Ṣé nọ́ńbà ni wọ́n fi sọ ìwọ lórúkọ?"

"Ẹ lo ìyísódì nígbà náà, òun náà ni ìsẹ́."

"Ó gùn jù. Ẹ̀rọ yín kì í gbà ju lẹ́tà mẹ́fà lọ."

"Ẹ wá jẹ́ kí Ọ̀gá fi tòyìnbó sí i. Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí?"

Monínúọlá ń pe orúkọ méjèèjì jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń pè é fún àwọn ọmọ kíláàsì. Ìṣe. Ìsẹ́. Ìṣe. Ahọ́n rẹ̀ bá yọ̀ lọ sílé: "Ùsẹ́."

Ó tún un pè.

"Kí lẹ wí?"

"Fi U bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. U, S, E."

"Ẹ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sọ Èkìtì?"

"Ó ti di ọmọ Èkìtì. Ṣebí ìwọ lo wí i?"

Nígbà tí Ọláyíwọlá tún dé, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí sáà wọlé. Monínúọlá ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ níwájú ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kí i, ó sì na ìwé sí i.

Ẹ̀rọ ti ní "Adé sùn kìí" kò dára. Ṣùgbọ́n fún "Adé kìí sùn", igi kan wà níbẹ̀. Monínúọlá fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè, títí ó fi dé ibi tí ẹ̀ka ti yà: USE lápá kan, ISE lápá kejì. KII rọ̀ sábẹ́ USE, SUN rọ̀ sábẹ́ ISE. Ọ̀rọ̀ tó jáde láti inú èéfín, lẹ́nu obìnrin tí kò di pẹ́ńsù mú rí, ni ẹ̀rọ tó ti òkè òkun wá fi mọ ohun tí Adé ń ṣe yàtọ̀ sí ohun tí kì í ṣe. Ìka rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

"Ọ̀gá ńkọ́?"

"Ó wò ó pẹ́. Ó bi mí pé kí ni ùsẹ́. Mo ní ọ̀dọ̀ yín ni kó ti gbọ́ ọ. Ó ní ká fi gbogbo orúkọ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ọláyíwọlá ń lọ sọ́dọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sì yíjú padà. "Ó dàbọ̀ o, Tíṣà. Ẹ kú ulé o!"

"Kí wọn núlé o," ni Monínúọlá dáhùn.

Nígbà tí ó ku òun nìkan, ó ká ìwé náà, ó fi í sápò, ó sì padà sídìí àtẹ. Ó ṣa òkúta tó kù. Ó fẹ́ èèpo dànù. Ó fọ ẹ̀wà náà, ó dà á sínú ìkòkò lórí iná, ó bu omi sí i, ó sì fi ìdérí dé e.