Ohùn Àṣíáwù Nínú Aago

Ẹ má retí kí Edith sọ fún yín pé òun máa gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tíṣà ni, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, láti kékeré sì ni bàbá rẹ̀ ti ń lé e kúrò nídìí rédíò ilé tó máa ń tú palẹ̀. Ní báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkirè tó ti ń tún ohunkóhun tó bá ń sọ̀rọ̀ ṣe. "Á ṣeé ṣe" ló máa ń sọ, kódà kó tó tú nǹkan náà wò. Ó máa ń bí mi nínú, torí pé ó máa ń ṣeé ṣe lóòótọ́.

Òun ló ṣe aago tó ń sọ̀rọ̀ fún Bàbá Gàrúbà ní Àpòmù. Ojú bàbá náà ti fọ́ tipẹ́. Àṣíáwù ìyàwó rẹ̀ máa ń lọ ra ẹja ní Aṣéjìrè, kì í sì í sábà délé kí àsìkò ìrun Àlàásárì tó tó. Ìdí nìyẹn tí Edith fi gba ohùn rẹ̀ sínú aago kó lè máa pe ọkọ rẹ̀: "Bàbá Nàfísátù, ẹ dìde. Mo ti gbé omi àlùwàlá sẹ́nu ọ̀nà." Òótọ́ sì ni, torí Àṣíáwù kì í jáde láìgbé kẹ́tù síbẹ̀.

Àṣíáwù kú lọ́dún tó kọjá. Aago kò mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ̀rọ̀, bàbá á dìde, á máa fọwọ́ wá kẹ́tù kiri lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní í bá a. Nàfísátù ọmọ wọn, tó padà wálé wá tọ́jú bàbá, ń tajà níwájú ilé, ó sì máa ń gbàgbé láti gbé omi síbẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni ẹ̀rù ba Nàfísátù. Ó ránṣẹ́ pe Edith pé kó wá pa ohùn ìyá òun rẹ́, kí òun fi tòun sí i.

Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Inú aago yẹn nìkan ni ohùn ìyàwó rẹ̀ kù sí láyé, torí fóònù tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbà á sílẹ̀ ti sọnù. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn ún ju ìṣubú náà lọ, ó sì sọ ọ́ fún Edith.

"Ìyá Nàfísátù kì í parọ́ fún mi nígbà tó wà láyé. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ló ń pa á. Ṣé o lè bá mi yọ irọ́ yẹn kúrò, kí o má pa ohùn rẹ̀ rẹ́?"

"Á ṣeé ṣe, Bàbá," ni Edith wí.

Ó so aago mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún bàbá pé ṣíìpù tó ń tọ́jú ohùn nínú aago kì í gbà kéèyàn pa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dà. Odindi ibi tí ohùn wà lèèyàn gbọ́dọ̀ nù kúrò, kó tó tún un kọ. Ẹ̀rù ba bàbá. Edith kọ́kọ́ da ohùn náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ kí bàbá gbọ́ ọ níbẹ̀, kó tó nu ti inú aago. Lẹ́yìn náà ló gé "mo ti" dànù, ó mú ẹ̀dà orúkọ Nàfísátù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì fi dí ojú ibi tó gé. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò ti ẹnu Àṣíáwù jáde. Ó kọ gbogbo rẹ̀ padà sínú aago, ó dè é, ó jókòó, kò sì sọ ohun tó ṣe fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Àsìkò Àlàásárì tó. Nàfísátù ń wọn gàárì fún oníbàárà níta nígbà tí aago sọ̀rọ̀ nínú ilé:

"Bàbá Nàfísátù, ẹ dìde. Nàfísátù, gbé omi àlùwàlá sẹ́nu ọ̀nà."

"Mà," ni Nàfísátù dáhùn. Ó ti ju kóńgò sílẹ̀, ó ti sáré dé ìdí dúrọ́ọ̀mù omi, kó tó rántí pé ìyá òun ti kú. Ó dúró síbẹ̀, ó sunkún, ó sì bu omi kún kẹ́tù.

Bàbá jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì bá kẹ́tù níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé e sí.