Katakata Tí Iwájú Rẹ̀ Fúyẹ́

Ní ọdún 1984 tí mo kọ́kọ́ wọ ọgbà katakata ìjọba ní Ọ̀wọ̀, mo ti wa ọkọ̀ agbégẹdú rí, mo sì rò pé kò sí ohun tó ní táyà tí apá mi ò ká. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ọ́ìlì ti sọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ di dúdú jókòó sórí ògbólógbòó táyà, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo kí i. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ìwọ ni dẹ́rẹ́bà tuntun?”

“Èmi ni, sà. Sọ́ńdè lorúkọ mi.”

“Àwọn mẹ́ta tó wà lábẹ́ igi yẹn, kí ni ìyàtọ̀ wọn?”

Mo wò wọ́n dáadáa. “Méjì pupa, ọ̀kan búlúù.”

Ó rẹ́rìn-ín títí mọ́ínmọ́ín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. Ó ní kí n kọjú sí ògiri, kí n di ojú mi. Ó wá lọ ń ṣíná sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ń dún tà-tà-tà, bí ẹni tó ń kánjú gún ata. Ìkejì ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí àgbàlagbà tó yó. Nígbà tí ìkẹta dáhùn, mo gbọ́ ọ látàtẹ́lẹsẹ̀ kí etí mi tó gbọ́ ọ.

“Ó dáa,” ó ní. “Ọjọ́ tóo bá lè fi etí dá wọn mọ̀, ọjọ́ náà lo di dẹ́rẹ́bà katakata.”

Bàbá Ṣúpárè ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí Ṣúpárè ní Àkókó ni ìlú rẹ̀. Òun ni olórí àwọn mẹkáníìkì. Èmi jẹ́ ọmọ Ìyẹ̀rè, èdè Ọ̀wọ̀ ló yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Òun ń sọ ti Àkókó. Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé la jọ ń sọ. Àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti bí i nínú, èdè Àkókó ló fi ń bú u, títí tó fi kú kò gbà láti túmọ̀ èébú náà fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn mẹ́ta náà ṣe rí, nítorí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n kò ní mọ ohun tí mo pàdánù. Pupa kékeré ni wọ́n kọ 135 sí lára. Wọ́n-táàtì là ń pè é. Sìlíńdà mẹ́ta ló ní, kì í mu epo dísù púpọ̀, ó sì lè yí po níbi tóóró tí àwọn yòókù kò ní lè dé. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé iwájú rẹ̀ fúyẹ́. Pupa ńlá ni 165. Sìlíńdà mẹ́rin ni tirẹ̀, ó gùn, ìdí rẹ̀ sì lágbára débi pé yóò gbé irin ìtúlẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni gbé agbọ̀n òfìfo. Búlúù la fún ní orúkọ Aláró. Òun ló wúwo jù. Wọ́n to àwọn irin pẹlẹbẹ sí i níwájú bí eyín, kí orí rẹ̀ má baà gbéra nígbà tó bá ń fa ohun tó le. Tó bá kan ká hú kùkùté igi, Aláró nìkan là ń rán.

A fẹ́ràn wọn ju bó ti yẹ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, tí iṣẹ́ bá ti tán, àwa dẹ́rẹ́bà á jókòó sábẹ́ igi, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní kò sí ohun tó dà bíi 165 lórí òkè, ẹlòmíràn á búra pé Aláró lè fa ṣọ́ọ̀ṣì kúrò lójú ibùdó rẹ̀. Bàbá Ṣúpárè kì í dá sí i. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé ọ̀dà pupa wá láti fi kun Wọ́n-táàtì, á yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn. Tí pupa náà bá ti mọ́lẹ̀ jù, á dá a padà. “Pupa mọ́tò nìyẹn,” á wí. “Èmi ò ní kun katakata bí ẹni kun ètè.”

Bàbá kan wà ní Ìdógun tó kọ̀ jálẹ̀ pé Aláró ò gbọdọ̀ tú ilẹ̀ òun. Ó ní ilẹ̀ tí búlúù bá tú, iṣu á máa rà níbẹ̀. Bàbá Ṣúpárè ò bá a jiyàn. Ó fi pupa tú apá kan, ó fi búlúù tú apá kejì. Nígbà tí iṣu ta, bàbá náà gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí Ọ̀wọ̀ láti wá sọ pé iṣu ti búlúù lòun fi gún iyán tó dùn jù láyé òun. Láti ìgbà náà, tí a bá mú pupa lọ, kì í jẹ́ ká wọ oko rẹ̀.

Bí a ṣe ń gbádùn iṣẹ́ nìyẹn. Kò pẹ́ lọ títí.

Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, páàtì wọ́n bí ojú. Nọ́sù, ẹnu kékeré tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, tí a máa ń rà lọ́jọ́ kan di ohun tí a ń retí látìgbà òjò títí di ọyẹ́. Ìjọba kó katakata tuntun aláwọ̀ omi ọsàn wá, wọ́n sì ya fọ́tò púpọ̀. Ìwé tó bá wọn wá, èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́ ni. Bàbá Ṣúpárè ṣí wọn nídìí, ó mi orí. “Wọ́n dára,” ó ní, “àmọ́ tí ohun kékeré kan bá já lára wọn, ta la máa bi?” Ohun kékeré náà já. A tì wọ́n sẹ́yìn ọgbà, koríko bò wọ́n.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara ọ̀kan láti fi wo ìkejì sàn. 165 la kọ́kọ́ tú, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń dún kó-kó bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ tí a yọ páńpù rẹ̀, Bàbá Ṣúpárè fọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ sílé ní ọ̀sán gangan láìgbàyè. Lẹ́yìn náà, Aláró dáṣẹ́ sílẹ̀, a ò rí páàtì rẹ̀ rà. Ọkọ̀ kan wọ ọgbà lójú oòrùn, ó kó gbogbo irin iwájú Aláró lọ. Máníjà, ọ̀gá àgbà ọgbà wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” Bàbá Ṣúpárè wí fún un, “irin yẹn ló ń gba ẹ̀mí là.”

“Katakata tí ò ṣiṣẹ́ mọ́? Ẹ̀mí ta ló ń gbà là?”

Bó ṣe di pé Wọ́n-táàtì nìkan ló kù tó ń rìn nìyẹn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin Arímògìjà wá. Ìyá Dèbọ̀ ló ṣáájú wọn, opó ni, òun ni olórí ẹgbẹ́ alágbàdo wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ń dáko tẹ́lẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdílé tó ni ín ti gbà á padà. Wọ́n ti rí ilẹ̀ mìíràn, àmọ́ kùkùté kún inú rẹ̀, òjò sì ti ń ṣú. Máníjà ní kí Wọ́n-táàtì lọ hú u.

“Kò ṣeé ṣe, sà,” Bàbá Ṣúpárè dáhùn. “Ìtúlẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Tí kùkùté bá kọ̀, iwájú rẹ̀ ló máa gbéra, á sì dojú dé lé ẹni tó ń wà á.”

Máníjà ní tí kò bá ṣeé ṣe, kí á wí bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin náà fúnra wa. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ìyá Dèbọ̀ ò sunkún, kò sì kúnlẹ̀. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wa. “Bàbá,” ó ní, “ẹ ti tú ilẹ̀ fún wa nígbà tí ọkọ mi wà láyé. Ẹ mọ̀ pé a kì í bẹ̀bẹ̀ lásán. Tí òjò yìí bá kọjá, kí la máa fún àwọn ọmọ jẹ?”

Bàbá Ṣúpárè wò ó, ó wo Wọ́n-táàtì. Ó yíjú sí mi. “Sọ́ńdè, wá àpò tó nípọn. A óò di òkúta sí i níwájú.”

Mo ní èmi ni dẹ́rẹ́bà, èmi ni kí n wà á. Ó ní rárá. “Ìyàwó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìwọ máa wo ṣéènì fún mi.”

A dé Arímògìjà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó so ṣéènì mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá nídìí katakata, ó ń fi ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì, tó ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tẹ ilẹ̀ olómi. Kùkùté ń hú. Àwọn obìnrin ń pariwo ayọ̀, wọ́n ń yí wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Títí di ọ̀sán, ohun gbogbo lọ déédéé, mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹ̀rù tó ń bà wá ti pọ̀ jù.

Kùkùté kan ṣoṣo, ti igi apá, ló kù ní àárín oko. Bàbá Ṣúpárè fà á, kò mira. Ó dẹ̀ ẹ́, ó tún fà á. Táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀, ó ń rì sínú ẹrẹ̀. Mo rí i tí iwájú fò díẹ̀. Lójijì, okùn àpò òkúta já, òkúta tú sílẹ̀ gbìrìgbìrì.

“Kílọ́ọ̀ṣì!” mo kígbe. “Bàbá, kílọ́ọ̀ṣì!”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀, mo rí i. Àmọ́ katakata náà ti dìde dúró bí ẹran tí wọ́n fa okùn ọrùn rẹ̀, ó sì dojú dé lé e lórí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún, táyà rẹ̀ ṣì ń yí lókè.

Èmi àti àwọn obìnrin náà fi igi gbé katakata kúrò lára rẹ̀. Ìyá Dèbọ̀ tú ìró rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, ó gbé orí Bàbá Ṣúpárè lé itan. Ọkọ̀ agbégẹdú kan ló gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Kò kú. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́, láti ìbàdí rẹ̀ sísàlẹ̀ ò mọ nǹkan kan mọ́. Kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ láyé.

Máníjà ò wá wò ó. Ohun tí wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì ni pé Bàbá Ṣúpárè fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ sínú ewu, pé kì í ṣe dẹ́rẹ́bà. Àwọn obìnrin Arímògìjà gbin àgbàdo náà, ó sì ṣe dáadáa. Wọ́n ru agbọ̀n àgbàdo tútù wá fún un ní Ṣúpárè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ pín in fún àwọn ará ilé. Kò jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Èmi ni mo tún Wọ́n-táàtì ṣe. Orí rẹ̀ ti wọ́, àmọ́ nǹkan kan ò ṣe inú rẹ̀. Mo ń bu ọ́ìlì sí i, mo ń ṣíná sí i láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò síbi tí wọ́n ń rán wa mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹlòmíràn lọ ń gun ọ̀kadà, ẹlòmíràn lọ sóko. Nígbà tó yá, wọ́n ní wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n ti ta gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà fún àwọn tó ń ra àjákù irin.

Àwọn oníjákù irin náà gbé gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin wá. Wọ́n gé 165 sí wẹ́wẹ́, wọ́n gé Aláró. Àwọn aláwọ̀ omi ọsàn náà bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n kan Wọ́n-táàtì, gáàsì wọn ti tán. Ọ̀gá wọn, ọmọkùnrin oníwà tútù kan, bi mí bóyá ó ṣeé wà gun inú ọkọ̀.

“Ó ṣeé wà,” mo ní. “Ó ń ṣiṣẹ́.”

“Háà, bàbá, ẹ má pa wá lẹ́rìn-ín. Katakata tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n tà fún wa ní àjákù?”

Mo gun orí rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti gbé pákó sílẹ̀. Mo wà á gòkè jẹ́jẹ́ wọ inú ọkọ̀ wọn, mo pa á, mo sọ̀ kalẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní kí n máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ, kò wúlò fún wọn. Mo fi sílẹ̀ lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣúpárè, torí mi ò fẹ́ kí Bàbá Ṣúpárè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ti rù, ìrọ̀rí ni wọ́n fi ń gbé e jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. 

“Ṣé ó dáhùn?” ó bi mí nígbà tí mo parí.

“Ó dáhùn, sà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yí i.”

“Ta ló wà á gòkè?”

“Èmi ni, sà.”

Ó mi orí, ó kọjú sí ògiri. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí, kò sì jẹ́ kí n rí i lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó wá oúnjẹ fún mi, pé ọ̀nà jìn. Ìyàwó rẹ̀ gbé e wá. A jókòó ti oúnjẹ náà, èmi àti òun, títí ó fi tutù.