Mọ́tò Tó Máa Ń Yà Bí A Bá Di Ọsàn Sí I

Omi ọsàn ló ń kán sí mi lọ́rùn, mo sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé mọ́tò bàbá mi lè pa wá. A ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Fìdítì, à ń lọ sí Ìlọrá. Ìyá mi wà lẹ́yìn láàárín àwọn àpò ọsàn tó fẹ́ lọ tà, èmi jókòó níwájú. Táyà bọ́ sínú kòtò kékeré kan, mọ́tò sì yà sọ́tùn-ún fúnra rẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ bàbá mi, kò yí sítíárìn rárá. Bó ṣe fà á padà, mọ́tò fò sọ́wọ́ òsì, níbi tí tírélà kan ti ń bọ̀. "Dúpẹ́, di ìlẹ̀kùn mú!" ni bàbá mi kígbe. Nígbà tí mo lajú, inú koríko ẹ̀gbẹ́ títì la wà, àpò kan sì ti bẹ́ lé mi lórí.

Tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ni bàbá mi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ bí ó ti ṣòro tó láti ra mọ́tò nígbà náà. Òun kò ra tirẹ̀ lódidi. Ó rí ẹ́ńjìnnì níbì kan, ó tú ẹsẹ̀ iwájú lára mọ́tò mìíràn tó forí sọ igi, ó sì jó irin mọ́ irin lábẹ́ igi máńgòrò àgbàlá wa títí ó fi di ohun tó ń rìn. Òórùn irin jíjó àti ti gíríìsì ni mo fi ń jí lọ sílé ìwé. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, nítorí náà inú búùtù iwájú la máa ń di èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù sí, ìyókù á wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyá mi. Okùn tí àwọn bíríkìlà fi ń mú ògiri gún ni bàbá mi fi mú táyà gún. Yóò ta á láti táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú, yóò di ojú kan, yóò ní, "Ó gún tàbí kò gún. Kò sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún." Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn, títí dórí ibùsùn tí a bá tẹ́.

Ohun tó dà wá lọ́kàn rú nìyí: nígbà tí wọ́n wọ́ mọ́tò délé, tí a kó ọsàn kúrò, bàbá mi ta okùn, táyà gún. Ó wà á yí pápá ilé ìwé ká, ó ń lọ tààrà. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tún yà. Bàbá Súlè, aládùúgbò wa tó ń dáko ẹ̀gẹ́, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, mo ṣebí onítẹ̀bọmi ni yín. Ta ló fún mọ́tò yín lẹ́mu mu?"

"Ẹ wá mú un lọ sí mọ́ṣáláṣí, kó lè jáwọ́," ni bàbá mi wí.

Ó ní ọ̀nà ni kò dára. Àwọn kan ní ìlara ni. Èmi tí mo máa ń jókòó níwájú rò pé mọ́tò náà kórìíra mi, mo sì ń ronú ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. "Bàbá Dúpẹ́, n kò gun mọ́tò yín mọ́, ọmọ mi náà kò ní gùn ún. Tó bá ṣófo, jẹ́jẹ́ ló ń lọ. Ẹ di ọsàn sí i, kí ẹ wá wò ó."

"Kí ló kan ọsàn nínú ọ̀rọ̀ sítíárìn?"

"Ẹ má bi mí. Èmi kọ́ ni tíṣà."

Bàbá mi lọ mú okùn rẹ̀. Bíríkìlà kì í di ẹrù sórí ògiri tó ń wọ̀n, òun náà kò sì fìgbà kankan ta okùn nígbà tí ẹrù wà nínú mọ́tò. Ó ní ká kó gbogbo àpò padà sínú rẹ̀. Imú mọ́tò tẹ̀ wálẹ̀. Ó ta okùn. Táyà iwájú méjèèjì ti ya ẹsẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Ráàkì ni, irin gbọọrọ tó máa ń ti táyà sọ́tùn-ún sósì bí a bá yí sítíárìn. Òkè jù ni bàbá mi jó o mọ́. Bí ẹrù tàbí kòtò bá ti ara mọ́tò wálẹ̀, irin náà á ti táyà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ohunkóhun. Ó gé irin tí ráàkì jókòó lé kúrò, ó jó o padà sísàlẹ̀. Ó di ọsàn sí i, ó ta okùn, ó gún. Síbẹ̀ ìyá mi ní kó kọ́kọ́ dá lọ.

Ó lọ, ó bọ̀. Ìyá mi wọ inú mọ́tò, ó ní kó gbé òun lọ síbi kòtò ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo dúró lẹ́bàá títì, mo ń wo ibi tí mọ́tò gbà lọ. Nígbà tí wọ́n padà, ìyá mi na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. "Dúpẹ́, ó ti tán. Wọlé."

Mo wọlé. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ráàkì. Ó rí ìyá rẹ̀ nínú mọ́tò, ó sì ti sùn lọ kí wọ́n tó dé Ìlọrá. Èmi àgbà mọ ibi tí irin náà wà àti ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, n kò tíì sùn nínú mọ́tò kankan.