Òrùlé Tó Lọ sí Sáúnà

Bí ẹ bá ní kí Arvo Niskala sọ irú ẹni tí òun jẹ́, kò ní í sọ pé òun wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé títí òun fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Èmi lọ̀gbẹ́ni tó mú òrùlé lọ sí sáúnà," á sì ti rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ kí ẹlòmíì tó rín in.

Ní gbogbo òkè Hancock, ìlú òkè òkun kan tí òtútù ti máa ń mú gan-an, kò sí ilé tí ọ̀pá omi dídì ń rọ̀ létí òrùlé rẹ̀ bíi ti Arvo. Àwọn kan gùn dé fèrèsé. Lójú tirẹ̀, àmì pé iná ń jó dáadáa nínú ilé ni. Á wá wo òdìkejì títì, ilé Impi Lahti, opó tó ń dá gbé, níbi tí yìnyín ti máa ń jókòó sórí òrùlé láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù títí dé òpin rẹ̀, àánú á sì ṣe é. "Obìnrin yìí ò rígi dáná." Gbogbo Kérésìmesì ló ń gbé ìdì igi lọ fún un. Impi á dúpẹ́, á sì fún un ní búrẹ́dì dídùn tí wọ́n ń pè ní nisu.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Arvo: òrùlé tirẹ̀ ń jò. Yìnyín orí rẹ̀ á yọ́, omi á ṣàn dé etí òrùlé, á tún dì síbẹ̀ bí odi, omi tó bá tẹ̀ lé e á sì wá ọ̀nà wọ inú àjà. Lọ́dún kan ó fi àáké gé odi náà, ó gé òrùlé fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ó wá lọ ń bá ẹni tó kàn án jà. Lọ́dún yìí, Sylvi ìyàwó rẹ̀ là á mọ́lẹ̀.

"Arvo, bí omi bá tún kán sí mi lára lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, màá kó jáde. Mi ò sì ní í padà títí òrùlé yẹn á fi ní làákàyè."

"Òrùlé ni ò ní làákàyè, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì jọra."

Ẹ̀rù bà á gidi. Ó fẹ́ràn Sylvi, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń po kọfí tó ṣeé mu. Ó jókòó, ó ro ó. Láti kékeré rẹ̀, ohunkóhun tó bá ṣe wọ́n nílé, inú sáúnà, yàrá kékeré tí wọ́n ń fi iná àti oru omi mú gbóná, ni wọ́n ti ń làágùn rẹ̀ dànù: ẹ̀yìn dídùn, ikọ́, ìbànújẹ́. Òtútù ló kúkú mú òrùlé. Nígbà tó di Sátidé, ó ki igi bọ ààrò sáúnà tó kọ́ mọ́ ilé, ó da omi sórí òkúta gbígbóná, ó sì ṣí ilẹ̀kùn òkè àjà sílẹ̀ gbayawu kí ooru lè ráyè gòkè.

"Jayé orí ẹ," ló wí fún òrùlé.

Òrùlé jayé lóòótọ́. Yìnyín orí rẹ̀ yọ́ tán, ó lọ dì létí, nígbà tó sì di òwúrọ̀ Sọ́ńdè, omi kán sí Sylvi nímú. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn mú ìrọ̀rí rẹ̀, ó wọ bàtà òtútù, ó sọdá sílé Impi.

Ì bá sàn fún Arvo kó bú u. Ó sì tún ń rò ó pé òtútù á pa ìyàwó òun nílé Impi. Ó kó búláńkẹ́ẹ̀tì nínípọn lọ́wọ́, ó tẹ̀ lé e. Aṣọ tí kò lápá ni Impi wọ̀ tó fi ṣílẹ̀kùn. Sylvi jókòó láìwọ bàtà, ó ń jẹ nisu, òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gbogbo ìdì igi tí Arvo ti ń gbé wá ní Kérésìmesì wà níbẹ̀ bó ṣe gbé wọn wá, okùn pupa tó fi dì wọ́n ṣì wà lára wọn.

"Òtútù ò mú yín?"

"Òtútù kẹ̀!" Impi ní. "Yìnyín wà lórí òrùlé mi torí pé ooru mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olóògbé ọkọ mi ti di òkè àjà yìí pa. Ìwọ lò ń dáná fún ojú ọ̀run."

"O mọ̀, o wá ń gbagi lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún?"

"Inú ẹ máa ń dùn tó o bá gbé e wá. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

Sylvi rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ojú ti Arvo débi tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Sylvi, jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ sílé."

"Lọ́jọ́ tí mo bá ti ojú fèrèsé yìí rí i pé òrùlé tiwa náà funfun, màá dé."

Arvo rá gòkè àjà. Ó di gbogbo ihò tí wáyà àti páìpù gbà kọjá, ó tẹ́ òwú nínípọn tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá, ó la ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ tútù lábẹ́ etí òrùlé, ó sì fi páìpù darí ooru sáúnà síta. Ó gbé àáké pa mọ́. Ó dúró nílẹ̀, ó fi ọkọ́ ọlọ́wọ́ gígùn wọ́ yìnyín kúrò létí òrùlé, gbogbo rẹ̀ sì ya bọ́ sí i lọ́rùn.

Yìnyín tuntun rọ̀. Kò yọ́. Arvo ń jáde síta wò ó ṣáá, bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò tó wà lórí iná. Àwọn tó ń kọjá ń dá mọ́tò dúró: "Arvo, ṣé igi ti tán nílé ni?" Á ní, "Ó ti tán pátápátá."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Sylvi ni, ìrọ̀rí wà lábíyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì wọ́ ìdì igi olókùn pupa lórí yìnyín.

"Impi ní kí n gbé e fún ẹ," ló wí. "Ó ní gbogbo àdúgbò ló ń káàánú ẹ pé o ò rígi dáná."

Ìrọ̀rí ni Arvo kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.