Ìpara Tó Dí Ẹ̀rọ Létí

Màmá Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Òun ló ń dán àwọn sẹ́ńsọ̀ wò, àwọn ẹ̀rọ kékeré tí kò ju àtàńpàkò lọ, tí iṣẹ́ wọn ni láti kígbe tí gáàsì háídírójìn bá ń jò. Gáàsì yìí kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Bó tilẹ̀ gbiná, ojú lásán kì í tètè rí iná ọ̀hún lójú ọ̀sán. Ẹ̀rọ yìí ló ń bá èèyàn gbọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ bá wá dití, ẹ̀mí dọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn.

Obìnrin tó ń tọ́jú etí ẹ̀rọ yìí, tiẹ̀ kì í gbọ́ tí wọ́n bá ń pè é wá jẹun. Tó bá ti jókòó síwájú àpótí onígíláàsì tó fi ń dán wọn wò, ó tán. Á tú gáàsì díẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rọ á ké "píì!", òun náà á rẹ́rìn-ín bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ pè.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, kí àìsàn rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú. Àìsàn lọ, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń di ayùn mú kò bọ̀ sípò. Nọ́ọ̀sì ní kó máa fi ọwọ́ náà wọ́ nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́ kí agbára lè padà síbẹ̀. Ọkùnrin náà wo inú ilé yíká, kò rí ohun tó wù ú wọ́ ju ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ, torí ọwọ́ ọ̀hún máa ń gbẹ, ó sì máa ń sán, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ibi iṣẹ́. Ó ránṣẹ́ ra ìpara kan tó ń yọ̀ kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀.

"Mú ọwọ́ wá, ìyàwó mi," ni á máa wí láràárọ̀.

Ìka tó ń gbọ̀n á máa wọ́ tìyàwó níkọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo iṣẹ́ ayé, èyí nìkan ló kù tó ń mú orí ọkùnrin náà wú.

Àfi bí àwọn sẹ́ńsọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dití. Àjà ibi tí wọ́n ti ń rọ háídírójìn sínú àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lò ó bí epo ni wọ́n fẹ́ so wọ́n mọ́, torí gáàsì náà fúyẹ́, òkè ló máa ń sá lọ. Wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru àgbá gáàsì tí wọ́n fi ń dán wọn wò, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, pàbó ló já sí. Ni ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí Màmá Sẹ́ńsọ̀ lè bí lọ́mọ, bá pe gbogbo wọn jọ.

"Ẹ má bínú o, kí lẹ fi ń para? Nǹkan kan wà nínú àwọn ìpara kan tí wọ́n ń pè ní sílíkóònù. Tó bá ti dé inú sẹ́ńsọ̀, á bò ó, kò ní gbọ́ gáàsì mọ́."

Màmá Sẹ́ńsọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìdérí àwọn ẹ̀rọ náà kéré, ó sì máa ń bọ́ ìbọ̀wọ́ kó tó lè dé wọn.

"Ọ̀gá, èmi ni. Ọwọ́ mi ni."

Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n ní kó má pa ìpara yẹn mọ́, wọ́n á ṣe sẹ́ńsọ̀ mìíràn. Ti ibi iṣẹ́ parí síbẹ̀. Ti ilé ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé kó gbọ́wọ́ kúrò?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkọ ti ṣí ìpara sílẹ̀, ìyàwó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni? Ṣé mo ń tẹ̀ ẹ́ jù?"

Kò lè purọ́ fún un, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ dé ìpara, ìdérí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi tí mi ò lè di ayùn mú mọ́, iṣẹ́ tìẹ náà ni mo tún wá ń bà jẹ́."

Obìnrin náà sunkún dé ibi iṣẹ́. Nígbà tó sunkún tán, ó ra òróró àgbọn tí wọn ò po nǹkan kan mọ́, ó fi rẹ àkísà, ó sì lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní sẹ́ńsọ̀ kan, kí n fi dán òróró yìí wò."

Ọ̀gá wo ojú rẹ̀ tó wú, kò bi í léèrè. "Ẹ mú un, Mà."

Ó ti àkísà àti sẹ́ńsọ̀ mọ́ inú àpótí pọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nílé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbẹ, ọkọ rẹ̀ sì ń wo ògiri. Lọ́jọ́ tó fẹ́ tú gáàsì sí i, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ fi fóònù sétí dáadáa."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ṣáà máa gbọ́."

Ó tú gáàsì. Ẹ̀rọ dákẹ́. Àfi "píìììì!" tó gba gbogbo yàrá kan.

"Kí nìyẹn?" ni ọkọ rẹ̀ ń bi í.

"Òróró àgbọn ni mo tì mọ́lé pẹ̀lú rẹ̀ látọjọ́ yìí. Ẹ gbọ́ ọ? Ó ṣì ń gbọ́ràn!"

Obìnrin náà gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń fa imú.

"Òróró yẹn, ṣé ó kù?"

"Ó wà nínú báàgì mi."

"Ó dáa. Tètè máa kó ọwọ́ méjèèjì bọ̀ nílé."